Ẹjọ́ Òkété àti Yímíyímí, àti Ohun Tí Ọdẹ́ṣínà Fẹsẹ̀ Ta

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin tí òjò lé kúrò lóko tí inú yín ń dùn bí ẹni tó ti kórè. Ẹ kó ara yín jọ sábẹ́ àtíbàbà mi bí adìẹ tí òjò pa. Ó dára. Àgbàdo sísun wà nínú agbọ̀n yẹn, kí kálukú mú ẹyọ kan. Ẹni tó mú méjì, mo ti rí i. Ojú ọdẹ kì í fọ́ nítorí pé ọdẹ darúgbó. Ẹ máa jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ìró eyín yín má bàa bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Kí òjò yìí tó dá, n óò sọ fún yín nípa ọkùnrin kan tí wọ́n ní kó wá sọ èyí tó sàn jù nínú ẹ̀dá méjì: òkété, eku ńlá tí ẹ ń fi jẹun tí ẹ sì ń lá ọwọ́, àti yímíyímí, kòkòrò dúdú tó ń yí ìgbẹ́ kiri ojú ọ̀nà.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọkùnrin tí mo ń wí yìí rín ẹ̀rín tó ju tiyín lọ, ẹ ó sì gbọ́ ibi tí ẹ̀rín náà gbé e dé.

Ọdẹ́ṣínà ni orúkọ rẹ̀, olórí ọdẹ abúlé Aláparun. Ó ga, ó sì mọ igbó bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí ẹfọ̀n sáré bọ̀ wá bá tí mo yìnbọn fún un, tí mo sì tún ráyè fọn ikun imú mi kó tó ṣubú lulẹ̀, n kò tó ẹni tí í ru àpò tẹ̀lé Ọdẹ́ṣínà. Àlébù kan ló wà lára rẹ̀. Kò sí ẹ̀dá tó rí tí kì í kọ́kọ́ bèèrè nípa rẹ̀ pé, "Ìkòkò mélòó ni yóò kún?" Bí ẹ̀dá náà bá kún ìkòkò, Ọdẹ́ṣínà á bọ̀wọ̀ fún un, á sun ìjálá kì í kó tó pa á. Bí kò bá kún ìkòkò, á tutọ́ sílẹ̀, á sì kọjá. Ó ní oríkì erin, ó ní oríkì ìgalà, ó ní oríkì òkété tó gùn tó ìrìn láti ibí dé odò. Oríkì kòkòrò, kò ní ẹyọ kan. Ó ní ẹni tó bá ń ki ohun tí kò ṣeé jẹ, ebi ló ń pa á.

Àṣà kan wà ní Aláparun tí n kò rí níbòmíràn. Irúgbìn àgbàdo gbogbo abúlé, àjà ilé ìdáná olórí ọdẹ ni wọ́n ń so ó rọ̀ sí. Ẹ̀fín tó ń gbẹ ẹran olórí ọdẹ náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ irúgbìn. Lẹ́yìn ìkórè, ilé kọ̀ọ̀kan á mú ìdì tirẹ̀ wá, á ta kókó tirẹ̀ sí okùn rẹ̀ kó lè dá a mọ̀, ó sì di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ olórí ọdẹ: kí iná má kú.

Iná kú.

Oyèbólá, ìyàwó rẹ̀, ló lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Kó tó lọ, ó wí fún ọkọ rẹ̀ pé, "Baálé mi, bí ẹ bá máa wọ igbó, ẹ fi iná sí ìkáwọ́ ìyàwó Baálẹ̀ o."

Ọdẹ́ṣínà rẹ́rìn-ín. "Oyèbólá, ta ni yóò wọ ilé ọdẹ wá jalè? Eku wo ló ní orí méjì?"

Ni ó bá rí ipasẹ̀ ìmàdò, ó sì bá a lọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó fi máa padà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ààrò ti tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ó gbójú sókè, kò rí okùn kan. Háríhá àgbàdo ló kún ilẹ̀, ihò kan tó fẹ̀ tó igbá sì wà ní igun ilé, erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

Kó tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, Baálẹ̀ Láṣebìkan ti dé pẹ̀lú ìdajì abúlé lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọdẹ́ṣínà, iná dà?"

"Ẹ jọ̀wọ́, Baálẹ̀, òkété ni."

"Iná ni mo bi ọ́, o ń dárúkọ ẹran fún mi." Baálẹ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ tú eérú ààrò. "Èṣí, erin jẹ apá kan oko wa, a ní kò burú, irúgbìn ṣì kù. Wò ó, òjò àkọ́rọ̀ kò ní ju ọjọ́ mẹ́sàn-án mọ́. Ọgọ́rin ẹnu ló wà ní abúlé yìí. Bí irúgbìn náà kò bá padà, ebi ni yóò bá wa gbé. Ṣùgbọ́n kí ebi tó wọlé, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ jáde."

Obìnrin kan sì pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹni tó ń lé ẹkùn kiri, eku ló kó o nílé!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ẹ̀rín náà dun Ọdẹ́ṣínà ju ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ lọ. Ó gbé ìbọn kọ́ apá, ó sì wọ inú ihò náà lọ.

Mo rí ẹni tó fẹ́ bi mí bí ènìyàn ṣe wọ inú ihò òkété. Jẹ àgbàdo rẹ. Ẹni tó ń bèèrè irú ìbéèrè yẹn kò tíì fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ igbó rí.

Ihò náà ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ, títí ó fi yọ sínú igbó kan tí wọ́n ń pè ní Igbó Afẹ̀yìnrìn. Ní ibẹ̀, gbòǹgbò igi ló wà lókè, ẹ̀fín ń lọ sísàlẹ̀, àwọn iwin ibẹ̀ sì ń fi ẹ̀yìn rìn, tí wọ́n máa ń kí ọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọjá lára rẹ tán. Ọ̀nà kan tóóró ló wà níbẹ̀, ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, ògiri òkúta wà lápá òsì. Ọdẹ́ṣínà ń tẹ̀lé hóró àgbàdo tó jábọ́ sójú ọ̀nà náà, ó ń rìn bí ẹni tó ni ilẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Yímíyímí. Ẹ má ro yímíyímí ìdí ilé yín. Èyí tó àgbò. Ó dorí kodò, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti òkìtì ìgbẹ́ roboto kan tó tó ìkòkò omi, ó ń fi ẹ̀yìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló ń bọ̀ yẹn?" ni Yímíyímí wí. "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara ti ògiri díẹ̀ kí n kọjá. Ẹ̀yìn ni mo ń rìn, n kò ríran rí iwájú."

Ọdẹ́ṣínà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́fà, ó sì bèèrè ohun tó máa ń bèèrè lọ́kàn ara rẹ̀. Èsì tó rí ni pé kò lè kún ìkòkò kankan.

"Èmi?" ni ó wí. "Èmi Ọdẹ́ṣínà, kí n fara ti ògiri fún ìgbẹ́?"

"Kì í ṣe fún ìgbẹ́. Fún mi ni."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

Ó gbé ẹsẹ̀, ó ta òkìtì náà. Ó yí gbirigbiri lọ sínú ọ̀gbun. Yímíyímí dìde dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó nu ojú rẹ̀. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó wo Ọdẹ́ṣínà bí ẹ ṣe ń wo ẹni tó jókòó sórí ẹyin.

"Ọdẹ," ni ó wí, "ohun tí o fẹsẹ̀ ta yìí, orí ni wàá fi rù ú."

Ọdẹ́ṣínà tutọ́, ó sì kọjá.

Kò rìn jìnnà tó fi pàdé iwin kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà. Olójú-Ìpàkọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà. Ó kọ ẹ̀yìn sí Ọdẹ́ṣínà kó lè rí i dáadáa.

"Kò sí ẹni tó ń kọjá láìdáhùn àlọ́ méjì," ni iwin náà wí. "Èkíní nìyí: ó fi orí wọ ilé tirẹ̀, ó fi ìdí wọ ìkòkò onílé. Ọ̀nà méjì ló là, ọ̀kan ṣoṣo ni ikú bá a gbà."

Ọdẹ́ṣínà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọmọdé lo fi mí pè ni? Òkété ni. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ní ìlú mi yóò dáhùn ìyẹn."

"Ó gbọ́n nígbà tó bá di ti ikùn," ni Olójú-Ìpàkọ́ wí fún afẹ́fẹ́. "Èkejì: ó fi ẹ̀yìn rìn, ó délé. Ó sin òkú tí kò kú. Òkú náà jí, ó ta irun sórí, gbogbo ìlú wá jẹ nínú òkú."

Ọdẹ́ṣínà yí ìbọn rẹ̀ sí èjìká kejì. Ó ní, "Iwin ni." Iwin náà mi orí. Ó ní, "Ọ̀nì ni." Iwin náà mi orí. Ó ní, "Ìsọkúsọ ni."

"O ti pàdé ìdáhùn rẹ lójú ọ̀nà lónìí," ni Olójú-Ìpàkọ́ wí, "ṣùgbọ́n o kò kí i dáadáa." Ó sì ká yèrèpè tó hù lábẹ́ ìdí rẹ̀, ó fi ra Ọdẹ́ṣínà láti ọrùn dé ìgìgísẹ̀, ó ní, "Owó ibodè ẹni tí kò mọ èkejì nìyẹn, máa kọjá." Ẹ̀yin tí yèrèpè ti bọ́ sí lára rí, ẹ sọ fún àwọn yòókù. Ọjọ́ méjì ni ọkùnrin náà fi ń họ ara ní Igbó Afẹ̀yìnrìn, tó ń fi ẹ̀yìn ha igi bí ẹlẹ́dẹ̀. Síbẹ̀ kò ronú nípa àlọ́ náà. Òkété ló ń ṣépè fún, yímíyímí ló sì ń bú láàárín, láti fi gba èémí.

Ní ọjọ́ kẹta ó dé ìlú àwọn òkété. Ìlú tó ní ọrọ̀ ni, ẹ má wò ó. Ekùrọ́ ga ní ẹnu ọ̀nà bí òkìtì ọ̀gán. Ilé tó wà níbẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, méjì méjì ni, èyí tó wà lẹ́yìn ni wọ́n fi ewé bò. Bí ará ibẹ̀ bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ojú kan ló fi ń wò ọ́, èkejì wà lára ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n mú Ọdẹ́ṣínà dé iwájú ọba wọn, Oníhò-Méjì. Ọba náà sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí àpò tí nǹkan kún inú rẹ̀, ìrù rẹ̀ gùn, ṣóńṣó rẹ̀ sì funfun bí èyí tí wọ́n tì bọ ẹfun. Kí ni Ọdẹ́ṣínà rí ní ọrùn rẹ̀? Okùn irúgbìn àwọn ará Aláparun ni, kókó ilé kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀, ọba fi wọ́n ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

"Yéè! Mo gbé!" ni Ọdẹ́ṣínà ké, ó sì káwọ́ méjèèjì lérí.

Háà! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò bá dúró níbẹ̀ kí ẹ wo bí gbogbo ìlú ṣe dàrú. Àwọn ìyá òkété ń fi ọwọ́ bo ọmọ wọn lójú. Àwọn àgbà ń sunkún. "Ó káwọ́ lérí! Ó káwọ́ lérí lójú ọba!" Ẹ mọ bí a ti ń yan òkété: a ń ká ọwọ́ rẹ̀ lérí, a ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un, a sì gbé e sórí àtẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé òkété gbàgbé ìbòsí, ó dórí àtẹ ó káwọ́ lérí. Ohun tó jẹ́ ẹkún lọ́dọ̀ wa, àfihàn òkú bàbá wọn ni lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ẹ̀gàn tó ju ìyẹn lọ ní ìlú náà. Ọgọ́rùn-ún òkété yí i ká, eyín wọn funfun bí ọ̀bẹ tuntun.

Oníhò-Méjì gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má tíì jẹ ẹ́," ni ó wí. "Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tó ti sú mi. Yímíyímí!"

Yímíyímí tí a ti mọ̀ náà bá jáde láti ẹ̀yìn òkìtì ekùrọ́. Ọ̀nà àbùjá ló gbà, ó ti dé ṣáájú ọdẹ.

"Kòkòrò yìí," ni ọba wí, "ń sọ pé àwọn ènìyàn mi gbẹ́ ihò gba inú ilé ọmọ rẹ̀ kọjá. Ó ní òun ló ni abẹ́ ilẹ̀. Mo ní èmi ni. Ìwọ ọdẹ, kò sí ẹni tí a mọ̀ tó mọ ẹ̀dá bíi tìrẹ. Sọ fún wa, èwo ló sàn jù nínú àwa méjèèjì? Ẹni tí o bá dá láre ni yóò ni abẹ́ ilẹ̀, yóò sì fún ọ ní ohun tó ní. Èmi, àpò àgbàdo márùn-ún ni n óò fún ọ."

"Ìwọ ńkọ́?" ni Ọdẹ́ṣínà bi Yímíyímí.

"Ohun tí mo ní, o ti fẹsẹ̀ ta á."

Gbogbo òkété rẹ́rìn-ín. Oníhò-Méjì dìde láti ro ẹjọ́ rẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni ó wí. "Mo ní ọ̀nà méjì sí ilé mi. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń ru oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní irun, mo ní ọmú, mo ń tọ́ ọmọ. Àwọn ọba ń jẹ mí pẹ̀lú iyán. Èyí ńkọ́? Ọmọ ìgbẹ́! Ìgbẹ́ ló jẹ, ìgbẹ́ ló sùn sí, ìgbẹ́ ló fi fẹ́ ìyàwó. Bí erin bá kọ̀ láti yàgbẹ́ lọ́jọ́ kan, ilé rẹ̀ yóò fọ́."

"O ti sọ tán?" ni Yímíyímí wí. "Ó ní ọ̀nà méjì sí ilé. Olè ló ń la ọ̀nà méjì. Onílé kan kì í bẹ̀rù ìlẹ̀kùn ara rẹ̀. Ó ní ọmú. Ẹ bi í lẹ́yìn ọ̀la ẹni tó ń mu ọmú náà, nítorí bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ó ní ọba ń jẹ òun. Ẹ gbọ́ ohun tó ń fi yangàn! Bí wọ́n bá pè mí sí ilé ọba, mo fẹ́ jókòó níbẹ̀, n kò fẹ́ wà nínú ọbẹ̀. Èmi, a kò yan bàbá mi rí. Ẹsẹ̀ mi mẹ́fà, aṣọ irin wà lẹ́yìn mi, ìyẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Oníhò-Méjì, fò kí n wò."

Oníhò-Méjì kò fò. Ìrù rẹ̀ nìkan ló mì.

Níhìn-ín, ẹ̀yin ènìyàn mi, ni ọkùnrin tó gbọ́n máa ń dákẹ́ díẹ̀. Ọdẹ́ṣínà kò dákẹ́. Ó rí àpò márùn-ún, ó sì rántí oríkì òkété tó mọ̀.

"Ẹjọ́ yìí kò le," ni ó wí. "Òkété ń kún ìkòkò, ó ń ta epo sínú ọbẹ̀, ó ń mú àlejò rẹ́rìn-ín. Yímíyímí ń kún àtẹ́lẹsẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, a ń wá koríko láti fi nu ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi àwọn méjì yìí wé ara wọn, òun gan-an ni kí a bá ṣẹjọ́. Òkété ló sàn jù."

Ìlú òkété hó yèè. Yímíyímí ṣí aṣọ irin rẹ̀, ó na ìyẹ́, ó fò lọ. Bó ti ń lọ, ó wí pé, "Mo rí adájọ́ tí ikùn jẹ́ gbogbo ara rẹ̀ lónìí."

Ọdẹ́ṣínà gbé àpò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọ́ sókè, ó mú un, ó mọ̀ pé ó wúwo, ó so márùn-ún pọ̀. Ó rù ú. Nígbà tó kọjá lọ́dọ̀ Olójú-Ìpàkọ́, iwin náà fi ojú ìpàkọ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ sí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ọdẹ́ṣínà rò pé ìlara ló ń ṣe é.

Ọjọ́ mẹ́fà ti lọ nígbà tó dé Aláparun. Wọ́n jó pàdé rẹ̀. Obìnrin tó bú u lọ́jọ́sí fún un ní omi mu. Baálẹ̀ gbá a mọ́ra. Oyèbólá ti padà láti ilé ìyá rẹ̀. Ó tú àpò kan sórí atẹ láti ṣa irúgbìn náà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sómi. Ó mú hóró kan, ó wò ó. Ó mú òmíràn. Ó mú ìkúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ àpò.

"Baálé mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ jù, "ẹ wá wo nǹkan."

Ojú kò sí lára hóró kan níbẹ̀. Ẹ mọ ojú àgbàdo, ibi funfun ṣóńṣó tí ó ti ń hù. Ẹ wo ìdí hóró tó wà lọ́wọ́ yín. Òkété ti fi eyín yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí bí ó bá fi í sílẹ̀, àgbàdo yóò hù mọ́ ọn nínú ihò. Ohun tí òkété bá kó pamọ́, ó ti kú kó tó kó o pamọ́.

"Ó wúwo!" ni Ọdẹ́ṣínà wí. "Mo gbé e wò!"

"Ẹ gbé e wò," ni Oyèbólá wí. "Ọdẹ ni yín, ẹran ni ẹ máa ń gbé wò. Àgbẹ̀ tí kò ní eyín lẹ́nu ìbá ti mú ẹyọ kan wo ojú rẹ̀. Ẹ ń sọ irúgbìn ọgọ́rin ènìyàn sókè bí itan ìgalà. Èwo lẹ ó ki nísinsìnyí, òkété àbí àpò?"

Baálẹ̀ kàn na ìka mẹ́ta sókè: ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Ọdẹ́ṣínà sá padà sínú ihò. Ìlú òkété ti dí. Wọ́n ti fi erùpẹ̀ àti ewé dí ẹnu ọ̀nà méjèèjì, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ti wà nílẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn iwájú, ó sáré lọ kan ti ẹ̀yìn, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó jókòó láàárín ọ̀nà méjì. Ibẹ̀ ni àlọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún un ju yèrèpè lọ. *Ó fi ẹ̀yìn rìn, ó délé. Ó sin òkú tí kò kú.* Òkú tí ó ta irun sórí. Kí ló ń ta irun sórí nínú oko bí kò ṣe àgbàdo? Ta ló sì fi ẹ̀yìn rìn pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà?

Ó bá Yímíyímí ní ẹnu ọ̀gbun níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, ó ń nu ìyẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni Ọdẹ́ṣínà wí. Òun tí kì í kí kòkòrò!

"Mo ti di bàbá? Lọ́jọ́sí, àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo ń kún."

"Ẹ jọ̀wọ́. Kí ló wà nínú òkìtì yẹn?"

"Ìgbẹ́," ni Yímíyímí wí. "Ìgbẹ́ erin. Erin wo? Èyí tó jẹ oko yín ní èṣí. Erin kì í jẹ àgbàdo tán. Ó ń gbé hóró mì, hóró á sì jáde bó ṣe wọlé, pẹ̀lú ojú rẹ̀. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ibo lo rò pé mo ń yí i lọ lọ́jọ́ tí o fẹsẹ̀ ta á? Etí oko yín ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó dára fún ọmọ mi. Ká ní o fara ti ògiri ní ìṣẹ́jú kan, irúgbìn ìbá ti dé ilé ṣáájú rẹ."

Ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a ń fi í rín, ṣùgbọ́n Ọdẹ́ṣínà kò rí ẹ̀rín. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni Yímíyímí wí. "O máa ń ki ohun tí o fẹ́ jẹ. Kì mí, èmi tí o kò lè jẹ. Bí ó bá tọ́ sí mi, sọ̀kalẹ̀ lọ gbé e."

Ọdẹ́ṣínà kò ní oríkì kankan lẹ́nu. Ó dúró, ó họ orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko:

"Yímíyímí, afẹ̀yìnrìn bí ẹni tí kò fẹ́ dé,
ó délé tán, aṣíwájú ṣì ń bèèrè ọ̀nà.
Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí ìkòkò tí yóò sè é.
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí kì í sáré àsápajúdé,
ó fi ìyẹ́ pamọ́ sábẹ́ irin bí ọlọ́rọ̀ tó wọ àkísà.
Erin yàgbẹ́, erin lọ, erin ò bojú wẹ̀yìn,
ohun tí ayé dímú fún, ìwọ lo fi kọ́lé ọmọ.
A kò ká ọwọ́ bàbá rẹ lérí,
a kò gbé ìyá rẹ sórí àtẹ.
Mo fẹsẹ̀ ta ọ́, ẹsẹ̀ náà rèé, ó ń gbọ̀n."

Yímíyímí ká ìyẹ́ rẹ̀ sábẹ́ irin. "Kò dára púpọ̀," ni ó wí. "Èyí tó kan ìkòkò nìkan ló dùn. Lọ gbé e. Má fi òṣùká sí orí o. Ọ̀sán gangan ni kí o wọ abúlé yín."

Ọdẹ́ṣínà sọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀gbun. Ó rù ú. Ó gùn ún jáde, ó bá Olójú-Ìpàkọ́ tó ti wá jókòó sí ẹnu ọ̀gbun, iwin náà sì dìde dúró fún un, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òórùn ń tú jáde lórí rẹ̀, omi ìgbẹ́ ń ṣàn sí i lójú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí gbogbo ènìyàn jókòó síta, ó yọ sí ojú ọ̀nà Aláparun.

Ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ṣe. Wọ́n dímú. Àwọn ọmọdé ń kọrin pé, "Olórí ọdẹ ru ìgbẹ́ bọ̀ láti oko!" Baálẹ̀ Láṣebìkan yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin ọjọ́sí ní, "Ẹ kú orí ire, ìgbẹ́ erin ló pa bọ̀ wálé!" Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn bí kò ṣe Oyèbólá. Ó gbé òkìtì náà sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó fọ́ ọ sí méjì.

Hóró àgbàdo ló kún inú rẹ̀ bí ìràwọ̀. Ojú gbogbo wọn pé, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta funfun.

"Ẹni tó bá ń dímú," ni Oyèbólá wí, "kí ó má wá tọrọ o."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n yó lọ́dún yẹn. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, opùrọ́ ni. Iṣu èsúrú ni wọ́n jẹ títí ojú wọn fi pọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tí wọ́n lé jáde, ẹ̀ẹ̀rùn sì bá irúgbìn lórí àjà, iná lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo àwọn tó dímú ni wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Oyèbólá, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan náà tí wọ́n fi dímú gba ìkúnwọ́ kọ̀ọ̀kan. Títí dòní, bí ọdẹ Aláparun bá pàdé yímíyímí lójú ọ̀nà, ó máa ń fara ti igi kó kọjá, kódà bí ẹran bá ń sá lọ níwájú rẹ̀.

Ọdẹ́ṣínà kò sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni. Ọdẹ wo ló ń ròyìn ọjọ́ tó ru ìgbẹ́? Oyèbólá ló sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ náà ló bí ìyá mi, ìyá mi ló sì sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo fẹsẹ̀ tẹ yímíyímí kan pa lẹ́yìn ilé, tó fi igi ìdáná nà mí kó tó bẹ̀rẹ̀. Irú àgbàdo yẹn ni wọ́n fi fún un ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Òun náà ni mo gbìn lẹ́bàá ilé níbí.

Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó wà lẹ́nu yín yẹn ni.

Ta ló tutọ́? Ìwọ tó mú méjì! Dìde, ṣa hóró yẹn nílẹ̀, kí o wo ojú rẹ̀ dáadáa kó o tó gbé e mì.